Ẹ Yé Fi Ọṣẹ Pa Bẹ́líìtì Lẹ́nu Mọ́

Èrò kan ti di òfin láàárín àwa tí a ní mọ́tò tó ti dàgbà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Láti Djègan-Kpèvi dé Ouando, títí lọ dé ojú ọ̀nà Ìgòlò, ẹni tí bẹ́líìtì ọkọ̀ rẹ̀ bá ń han láàárọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò, lẹ́nu dẹ́rẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀, àti lẹ́nu mẹkáníìkì pẹ̀lú: ọkọ̀ ti dàgbà, ohun tó bá sì dàgbà kò lè ṣe kó má kérora. Kí ọmọ iṣẹ́ mú ọṣẹ wá, kó fi ra á lára. Bí ọṣẹ ò bá ràn án, kó fún bẹ́líìtì náà le sí i. Bí ìyẹn náà ò bá ràn án, kí ọlọ́kọ̀ ra bẹ́líìtì tuntun, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Mo lòdì sí èrò yìí látòkè délẹ̀. Irọ́ ni, irọ́ tó ń jẹ owó sì ni. Ọṣẹ ń pa ariwo lóòótọ́, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ariwo náà ni ẹlẹ́rìí tó ń kìlọ̀ fún ọlọ́kọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó jóná. Ẹni tó bá pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́ tán, ara rẹ̀ ló ń pa lára. Àwọn ọkọ̀ tí a ń rí lẹ́bàá títì Kútọnu, tí wọ́n ṣí iwájú wọn sílẹ̀, tí ooru ń rú jáde lára wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bẹ̀rẹ̀ àìsàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́, àwa ni a kò fẹ́ gbọ́.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ni irú ọkọ̀ tí a ń gùn. Ní 2020, UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ìròyìn kan jáde pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó jáde láti ilẹ̀ Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà, àti pé Áfíríkà ló gba ìpín tó pọ̀ jù nínú wọn. Èbúté Kútọnu jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń gbà wọ ìhà ọ̀dọ̀ wa. Nínú wọn ni Corolla, Carina, Avensis, Camry, Peugeot 406, Golf àti Mercedes 190 tí a fi ń ná ọjà Ouando, tí a fi ń gbé èrò lọ sí Sakété àti Pobè. Wọ́n ti lo ọdún púpọ̀ nílùú òyìnbó kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bó bá jẹ́ pé gbígbó nìkan tó ìdí láti má ṣe yẹ ọkọ̀ wò, a jẹ́ pé ìwọ̀nba ọkọ̀ ló wà nílùú yìí tó yẹ kí mẹkáníìkì ṣí iwájú rẹ̀ rárá. Ọkọ̀ tó gbó gan-an ló yẹ ká fetí sí jù, torí àṣìṣe kékeré kò ní pẹ́ di ikú fún un.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe tò níwájú ẹ́ńjìnì. Púlì ńlá kan wà nísàlẹ̀ tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ń yí. Bẹ́líìtì, èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ń pè ní courroie, gba ara púlì yẹn, ó sì ń yí àwọn tó kù: alternator tó ń fi iná sínú bátìrì, pọ́ǹpù sítíárìn, ẹ̀rọ amúlétutù, àti pọ́ǹpù omi nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Pọ́ǹpù omi ló ń ti omi gba inú ẹ́ńjìnì lọ sínú rédíétọ̀ kí ooru lè jáde. Ọ̀pá kan ló wà láàárín rẹ̀. Orí kan ọ̀pá náà gbé púlì níta, orí kejì gbé abẹ̀bẹ̀ nínú omi. Bẹ́ríǹgì ló gbé ọ̀pá náà dúró, síìlì ló sì dènà láàárín omi àti bẹ́ríǹgì. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, bí ó ṣe máa ń rí tí ọkọ̀ bá mú títì Kútọnu, ọ̀pá pọ́ǹpù tí púlì rẹ̀ bá tóbi tó ti ẹ́ńjìnì yóò yí ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ kò lè fara da omi nínú gírísì rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe pọ́ǹpù fi lu ihò kékeré kan sábẹ́ rẹ̀, láàárín síìlì àti bẹ́ríǹgì. Bí síìlì bá ti ń jẹ, omi á gba ihò náà kán sílẹ̀, kó má bàa wọ bẹ́ríǹgì. Bí a kò bá ka omi tó ń kán yẹn sí, níkẹyìn á wọ inú bẹ́ríǹgì, á fọ gírísì rẹ̀ dànù. Bẹ́ríǹgì tí kò ní gírísì á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Tó bá jẹ jìnnà, ọ̀pá á máa mì, púlì á wọ́, bẹ́líìtì tó gba orí rẹ̀ á máa sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà yẹn ni bẹ́líìtì tó bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ẹ wo bó ṣe tò: síìlì, bẹ́ríǹgì, ọ̀pá, púlì, bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, òun ni a sì kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn nígbàkígbà tí ọṣẹ bá kan bẹ́líìtì tí pọ́ǹpù rẹ̀ ti ń kú lọ.

Kí ni ọṣẹ ń ṣe? Bẹ́líìtì ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ó ń di púlì mú. Nígbà tí kò bá dì í mú dáadáa, ó ń yọ̀ lórí rẹ̀, yíyọ̀ náà ló sì ń dún. Ọṣẹ kò mú kí bẹ́líìtì di púlì mú. Ńṣe ló jẹ́ kó máa yọ̀ láìdún. Alternator kò ní yí tó bó ṣe yẹ, bátìrì á máa rọ díẹ̀díẹ̀. Pọ́ǹpù omi tó bá wà lórí bẹ́líìtì yẹn á máa lọ́ra lákòókò tí ẹ́ńjìnì nílò omi jù lọ. Ọlọ́kọ̀ ò sì ní mọ̀, torí ohun tí ì bá sọ fún un ti dákẹ́. Bí ọṣẹ náà bá gbẹ, eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, àpapọ̀ ọṣẹ àti eruku á sì máa họ rọ́bà àti irin. Àwọn tó ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dípò ọṣẹ ṣe èyí tó burú jù, nítorí ọ́ìlì ń mú kí rọ́bà wú, kó rọ̀, kó sì bàjẹ́ kíá. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà, ariwo nìkan ni ọṣẹ wò sàn.

Àwọn mìíràn á ní àwọn kì í lo ọṣẹ, pé àwọn ń fún bẹ́líìtì le ni. Bí bẹ́líìtì bá dẹ̀ lóòótọ́, fífún un ni oògùn rẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dẹ̀? Wọ́n á fi irin gígùn ti alternator, wọ́n á tì í títí ariwo á fi dákẹ́, wọ́n á wá de bóòtì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdákẹ́ ariwo ni òṣùwọ̀n wọn. Bẹ́líìtì tó le jù ń fa ọ̀pá pọ́ǹpù àti ti alternator sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí, bẹ́ríǹgì tí kò lárùn rárá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ọlọ́kọ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì lónìí. Bó bá padà wá ra pọ́ǹpù lẹ́yìn náà, kò ní rántí ẹni tó pa ti àkọ́kọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Yàtọ̀ sí èyí, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó lo bẹ́líìtì onílà, èyí tó fẹ̀ tó sì ní ilà gígùn lójú, sípíríìnì ló ń na bẹ́líìtì fúnra rẹ̀. Kò sí bóòtì kankan níbẹ̀ tí èèyàn lè fún. Bí sípíríìnì bá ti rẹ̀, pípààrọ̀ rẹ̀ ló kù.

Ọ̀nà kẹta, bẹ́líìtì tuntun, ló jọ ọgbọ́n jù lọ, òun ló sì ń tan àwọn tó rò pé àwọn ti kọjá ọṣẹ. Bẹ́líìtì tuntun lórí púlì tó wọ́ lè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni a ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Ayédèrú wà lọ́jà, ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n a ti bú bẹ́líìtì gidi púpọ̀ láìṣẹ̀ láìrò. Ohun kan tún wà tó yẹ kó dé etí gbogbo ìsọ̀ mẹkáníìkì. Rọ́bà neoprene tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́líìtì àtijọ́ máa ń sán bó bá ti gbó, ojú lásán sì tó láti rí i. EPDM, rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́líìtì onílà lóde òní, kì í sábà sán. Ńṣe ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀: ilà rẹ̀ á máa tín-ín-rín, kòtò àárín ilà á máa fẹ̀, títí bẹ́líìtì á fi rì sínú púlì jù, tí kò ní lè dì í mú mọ́. Ẹni tó bá wò ó tí kò rí ibi tó sán á búra pé ó ṣì dára, á sì lọ máa wá ẹ̀sùn sí alternator lẹ́sẹ̀. Ẹlòmíràn á yọ bẹ́líìtì tó dára dànù nítorí pé ó gbọ́ ariwo. Àwọn méjèèjì kò wò ó.

Àwọn tó ń gbèjà ọṣẹ ní ẹlẹ́rìí ńlá kan, Peugeot 504 ni. Wọ́n ní ọṣẹ ni àwọn bàbá wa fi wa 504 láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, ọkọ̀ náà ò sì kú. Ẹ jẹ́ ká fún 504 ní ọ̀wọ̀ rẹ̀. Ní 1968 ló jáde, ó gba oyè ọkọ̀ tó ta yọ jù lọ ní Yúróòpù ní 1969, láti 1975 sì ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní Kàdúná, ní orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá. Ọkọ̀ tó lágbára ni, ṣùgbọ́n ọṣẹ kọ́ ló fún un lágbára. Bẹ́líìtì rẹ̀ rí bíi lẹ́tà V, ó ń há sáàárín púlì, ó wà níta gbangba tí ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lè rí gbogbo rẹ̀, ohun tó sì ń yí kò pọ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, dẹ́rẹ́bà ayé ìgbà náà tó mọ iṣẹ́ kì í gbéra láìṣí iwájú ọkọ̀. Á wo omi, á wo ọ́ìlì, á fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì. Àṣà wíwò yẹn ló gbé 504 dàgbà. A sọ wíwò nù, a gbá ọṣẹ mú. Bẹ́ẹ̀, Corolla tó ní ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE tí a ń gùn lónìí, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já lórí afárá Àjàṣẹ́, iná bátìrì, ìrọ̀rùn sítíárìn àti omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára yóò jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rí tó bá 504 mu kò bá Corolla yìí mu.

Ẹ̀ka kan tún wà nínú èrò yìí tí mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, torí òun ló ń bí àìsàn tí ọṣẹ ń bò mọ́lẹ̀. Wọ́n ní omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ike fún rédíétọ̀, oògùn yìnyín òyìnbó ni, Àjàṣẹ́ kò sì ní yìnyín, nítorí náà omi kànga ti tó. Lóòótọ́ ni yìnyín kò sí níbí. Ṣùgbọ́n omi aláwọ̀ yẹn ń ṣe ju iṣẹ́ òtútù lọ: ó ń dènà ìpẹtà, ó ń jẹ́ kí ojú síìlì pọ́ǹpù máa yọ̀ geere lórí ara wọn, ó sì ń mú kí omi gbóná kọjá 100°C kó tó hó. Omi kànga ń gbé iyọ̀ àti èròjà ilẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì. Irin á dípẹtà, ìyẹ́ ìpẹtà á máa bá omi káàkiri, yóò sì máa họ ojú síìlì níbi tó ti ń yí. Ẹni tó bá ń da omi kànga sí rédíétọ̀ láti ọdún dé ọdún ń ra pọ́ǹpù tuntun ní ìdá díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Ká bi ariwo léèrè kí a tó dá a lóhùn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ìgbà tó ń dún. Bó bá han díẹ̀ láàárọ̀ tí ìrì sẹ̀ tàbí lẹ́yìn òjò, tó sì dákẹ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbóná, ọ̀rinrin lè wà nínú ẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ ọ, ẹ má sáré ra nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ìgbà tí a bá yí sítíárìn dé òpin ló ń han, pọ́ǹpù sítíárìn ló ń di ẹrù ru bẹ́líìtì. Bó bá jẹ́ ìgbà tí a tan ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ wo ìhà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí a tan iná iwájú ọkọ̀, alternator ló ń béèrè agbára. Ìgbà tó ń dún ń tọ́ka sí ẹrù tó ju bẹ́líìtì lọ.

Ìbéèrè kejì ni irú ohùn tó ń jáde. Bẹ́líìtì tó ń yọ̀ ń han gooro, ohùn rẹ̀ sì ń gùn. Bẹ́líìtì tó gba orí púlì tó wọ́ ń ké ṣíọ́ṣíọ́, ó ń dún, ó ń já, ó tún ń dún, á sì máa yára bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń yára. Bẹ́ríǹgì ní tirẹ̀ ń kùn, ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì ń ga sí i bí a bá ṣe ń tẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti kọ́ etí rẹ̀ láti mọ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí yàtọ̀ síra ti já ìdajì ọ̀nà. Ẹni tó ní súkùrùdíráfà gígùn lè gbé ẹnu rẹ̀ lé ara alternator, lẹ́yìn náà ara pọ́ǹpù, kó fi ìdí rẹ̀ sí etí nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Ibi tí kíkùn náà bá ti nípọn jù ni kó kọ́kọ́ wò. Àmọ́ kí ọwọ́, aṣọ àti irun jìnnà sí bẹ́líìtì àti abẹ̀bẹ̀. Kò sí ohun tí a fẹ́ mọ̀ tó tó ìka ọwọ́ ẹni.

Lẹ́yìn náà ni omi. Kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, kí a dúró jìnnà díẹ̀, kí a fọ́n omi mímọ́ sí ojú bẹ́líìtì tó ní ilà. Bí ariwo bá pọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀, bẹ́líìtì dẹ̀, tàbí ohun tó ń nà án ti rẹ̀. Bí ariwo bá dákẹ́ díẹ̀ tó tún padà, púlì kan kò tò bá àwọn yòókù. Kí a pa ẹ́ńjìnì, kí a wá fi irin títọ́ kan gbá ojú àwọn púlì náà, a ó rí èyí tó yọrí tàbí tó sá sẹ́yìn. Omi lásán ṣe iṣẹ́ yìí, kò náni ní nǹkan kan, òtítọ́ tí ọṣẹ ń bò ló sì ń tú síta.

Ìdánwò tó ju gbogbo wọn lọ ni kí ẹ́ńjìnì tutù, kí a tú bẹ́líìtì ìta kúrò pátápátá. Kí a wá tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, kí a sì pa á kíá, nítorí ó ṣeé ṣe kí pọ́ǹpù omi máà yí. Bí ariwo bá ṣì wà, inú ẹ́ńjìnì ló ti ń wá, bẹ́líìtì ìta kò jẹ̀bi. Bí ariwo bá lọ, ó wà lára ohun tí bẹ́líìtì yẹn ń yí. Nígbà náà, kí a fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára ń yí geere láìdún. Èyí tó ń há, tó ń dún kùrùkùrù, tàbí tí ọwọ́ gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n nínú, òun la ń wá. Kí a di púlì pọ́ǹpù omi mú lókè àti nísàlẹ̀, kí a mì ín. Pọ́ǹpù tó yè kì í mì. Kí a fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ níbi ihò kékeré yẹn. Omi tó ti gbẹ níbẹ̀ ń fi àbàwọ́n sílẹ̀, funfun tàbí pupa ìpẹtà, kódà bí nǹkan kan kò bá kán lásìkò tí à ń wò ó. Pọ́ǹpù tuntun lè kán díẹ̀ kí síìlì rẹ̀ tó jókòó dáadáa; èyí tó ti pẹ́ tó sì ń kán lójoojúmọ́ ti parí iṣẹ́. Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí ti mọ ohun tó fẹ́ rà kó tó yọ owó lápò.

Àwọn ọkọ̀ kan tiẹ̀ wà tí ọṣẹ kò lè dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Lára Camry 1992 sí 2001 tó ní ẹ́ńjìnì 5S-FE, pọ́ǹpù omi kò sí lórí bẹ́líìtì ìta. Bẹ́líìtì inú, èyí tó ń darí àwọn fáfù, tó wà lẹ́yìn ìdérí, ló ń yí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni Golf 4 oní dísù 1.9 TDI. Ẹni tó bá gbọ́ kíkùn lára irú ọkọ̀ yìí, tó wá ń fi ọṣẹ ra bẹ́líìtì ìta, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ohun tó ń dún. Bí pọ́ǹpù yẹn bá gan, ó lè já bẹ́líìtì inú. Nínú Golf tí mo dárúkọ yìí, fáfù àti písítìnì ń fi àyè kan náà sílẹ̀ fún ara wọn ní àsìkò. Bí bẹ́líìtì inú bá já, àsìkò ti dàrú, wọ́n á kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnì ni yóò sì lọ sí i. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ fi ń pààrọ̀ pọ́ǹpù àti bẹ́líìtì inú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lára irú wọn. Ṣùgbọ́n Corolla tàbí Carina tó ní ẹ́ńjìnì 4A-FE tàbí 7A-FE, bẹ́líìtì ìta ló ń yí pọ́ǹpù rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tí kò mọ èwo ni tirẹ̀, kó béèrè lónìí, kó má dúró de ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ máa sọ fún un.

Mo mọ ìdáhùn tí wọ́n máa fún mi. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ olówó ni mo ń sọ, pé dẹ́rẹ́bà tó ń wá owó oúnjẹ òní kò lè ronú pọ́ǹpù, ọṣẹ ni agbára rẹ̀ ká. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, mi ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àmọ́ ẹ tún gbogbo ìdánwò tí mo kà sílẹ̀ kà: etí ni, ọwọ́ ni, omi ni, tọ́ọ̀ṣì ni, àti sùúrù. Kò sí èyí tó ju agbára tálákà lọ níbẹ̀. Olówó lè ra bẹ́líìtì láìnídìí, kó tún ra alternator láìnídìí, kó tó kan pọ́ǹpù. Tálákà ni kò lágbára láti ra àṣìṣe. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná kọjá àlà, tí gasíkẹ́ẹ̀tì jó, tí orí ẹ́ńjìnì wọ́, ọkọ̀ tó ń bọ́ ilé kan á jókòó, àwọn ọmọ ilé á sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ní kékeré ló yẹ kó wò ó jù.

Ibi tí ẹ̀bi yìí wà gan-an nìyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: lọ́dọ̀ àwa ọlọ́kọ̀ ni. A ń san owó páàtì, a ń san owó títú àti títò, ṣùgbọ́n a kì í san owó wíwò. Ọlọ́kọ̀ á wọ ìsọ̀ tòun ti èrò nínú ọkọ̀: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ariwo yìí, Sakété ni mò ń lọ." Ọ̀gá á ní: "Ẹ jẹ́ ká tú bẹ́líìtì yìí ná, ẹ̀gbọ́n, ká mọ ibi tó ti ń wá." Ọlọ́kọ̀ á fèsì pé: "Títú kí ni? Ẹ fi ọṣẹ sí i." Bí ọ̀gá náà bá sì tú u, tó lo wákàtí kan, tó rí i pé sípíríìnì nìkan ló rẹ̀, ọlọ́kọ̀ á béèrè ohun tó ṣe tó fi ń gba owó. Ọ̀gá yẹn á kọ́ ẹ̀kọ́. Á kọ́ pé ẹni tó wò ó kò jẹun, ẹni tó ta bẹ́líìtì ló jẹun. Ọmọ iṣẹ́ tó dúró tì í á kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà, á sì fi tọ́ ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́la. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó jókòó sílé, a ó ní mẹkáníìkì Djègan-Kpèvi kò mọṣẹ́. Mi ò fara mọ́ ẹ̀sùn yẹn. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò kú lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ fi owó kan lé wíwò ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó hàn gbangba, ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà kí ẹ tó ṣí iwájú ọkọ̀. Bí ẹ bá rí i pé pọ́ǹpù ti jẹ, ẹ mì ín níṣojú ẹni tó ni ọkọ̀, ẹ fi ihò tó ń kán hàn án, ẹ jẹ́ kí òun náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí púlì náà. Ẹni tó rí i kò ní jiyàn owó. Ẹ̀yin tó ń ṣètò ìdánwò CQM, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, fún àwọn ọmọ iṣẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ tó ń han síwájú wọn, ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tó ń dún àti ìdí tó fi ń dún kí wọ́n tó fọwọ́ kan sípánà. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ariwo bá bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ sọ ìgbà tó ń dún fún mẹkáníìkì. Bí ọfà ìwọ̀n ooru bá gun òkè, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù, torí omi tó ju 100°C wà nínú rẹ̀ tó ń wá ọ̀nà àbáyọ.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ san owó wíwò. Ó kéré sí owó bẹ́líìtì tí kò yẹ ká rà, ó kéré gan-an sí owó pọ́ǹpù, kò sì ṣeé fi wé owó ẹ́ńjìnì. Ọṣẹ tí ẹ rà, ẹ fi fọ aṣọ.